Gílóòbù Méjì Nínú Búùtù

Ìró kan ṣì wà létí mi láti ìgbà náà: kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, wàràwàrà, láìsinmi, láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò mi. Ẹni tó bá ti wa mọ́tò rí mọ bó ṣe yẹ kí tráfíkétọ̀ máa dún nígbà téèyàn bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ó máa ń rọra dún ni: kẹ́, á sinmi díẹ̀, kẹ́, á tún sinmi. Tèmi ò mọ ìsinmi. Ó ń dún bí eyín ẹni tí òtútù ń mú, iná ẹ̀yìn mọ́tò náà sì ń ṣẹ́jú tẹ̀lé e pẹ̀lú ìkánjú kan náà. Inú mọ́tò yẹn ni mo ti fẹ́ gbé bàbá ìyàwó mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọ rẹ̀ kò tíì di ìyàwó mi nígbà náà o, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àjàh ni mò ń gbé lásìkò yẹn, nínú yàrá kan àti pálọ̀, mo sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kan ní Igbó Ẹfọ̀n. Ráńdábáòtù ṣì pọ̀ lójú títì márosẹ̀ tó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́. A ó yí èyí, a ó yí tọ̀hún, kí a tó débi tí à ń lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò àkọ́kọ́ láyé mi ni, tokúnbọ̀ aláwọ̀ eérú kan tí mo máa ń fọ̀ láàárọ̀ kí n tó fọ ara mi. Ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nínú Ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, kò sì jìnnà sí mi rárá. Àwa méjèèjì ti fẹnu kò pé a máa fẹ́ra. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbà. Ìyá rẹ̀ náà ti gbà. Bàbá rẹ̀ ló kù.

Awakọ̀ ni bàbá náà. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba ló fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wà kiri kó tó fẹ̀yìn tì sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì gbà pé wọ́n fi ń mọ ènìyàn. Ó ní òun ò ní jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí mi fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àfi tí òun bá kọ́kọ́ jókòó nínú mọ́tò tí mò ń wà. Ó ní àwọn ọ̀gá òun lè fi ara wọn pamọ́ nínú ọ́fíìsì, wọ́n lè fi ara wọn pamọ́ nílé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun pé àwọn fẹ́ fúnra àwọn wa mọ́tò, ìwà wọn á ti tú síta kí wọ́n tó jáde ní géètì. Ọmọbìnrin yìí wá kìlọ̀ fún mi. Ọkùnrin kan ti wá ṣáájú mi, dókítà ni, ó lẹ́wà, ó sì ní mọ́tò gidi. Bàbá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò náà ní Sángòtẹ̀dó, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, ọ̀rọ̀ dókítà sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí dókítà ṣe, nítorí bàbá kọ̀, kò sọ.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá lọ yẹ bíréèkì wò, kó wo táyà, kó sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra wa mọ́tò. Èmi lọ ra iná ẹ̀yìn. Mo ti rí irú rẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò kan tó ń wọ géètì VGC, ẹ́sítéètì àwọn olówó, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná LED, èyí tí àwọn iná wẹ́wẹ́ tò jọ nínú rẹ̀ tí wọ́n ń tàn pupa roro. Mo dúró tí mò ń wò ó títí gáàdì fi bi mí bóyá ẹnì kan ni mò ń wá. Ọkàn mi sọ fún mi pé tí bàbá bá rí irú iná yìí lẹ́yìn mọ́tò mi, á mọ̀ pé ọwọ́ ẹni gidi ni ọmọ òun bọ́ sí. Bí ọkàn mi ṣe ro èyí dé ibi tó rò ó dé, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ lónìí.

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Àjàh gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fúnni. “Ọ̀gá mi, iná àwọn big boys nìyí,” ló wí. “Ẹ kàn yọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ ki èyí bọ̀ ọ́, ó parí. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, I swear.”

Mo yá sípánà, mo sì fi ọwọ́ ara mi dè é mọ́ ọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọgbà ilé wa. Nígbà tí mo tanná sí i, gbogbo ilé jáde wá wò ó. Lánlọ́ọ̀dù wa pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n kun ètè fún mọ́tò náà. Orí mi wú. Mo wọ inú mọ́tò lọ, mo tẹ tráfíkétọ̀ ọwọ́ ọ̀tún kí wọ́n lè wo ìyẹn náà, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí mò ń wí. Mo tẹ ti òsì, bákan náà. Lánlọ́ọ̀dù ní ayọ̀ tuntun ló ń ṣe é, pé tó bá di ọ̀la, á fara balẹ̀.

Kò fara balẹ̀. Ní ráńdábáòtù àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀, a ti rí yín, a ti rí yín!” Ìyá kan sọ gíláàsì mọ́tò rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bi mí pẹ̀lú àánú pé, “Bọ̀dá, ṣé ìyàwó yín ń rọbí ni? Ẹ máa lọ níwájú.” Ó tiẹ̀ dí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà kí n lè kọjá. Mo dúpẹ́, mo sì kọjá, nítorí kò sí àlàyé tí mo lè ṣe tí kò ní pẹ́.

Mo ṣì ń rò pé ọ̀rọ̀ náà kò le nígbà tí ọmọbìnrin yìí pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní bàbá òun ti dé sílé àǹtí, pé lọ́jọ́ Àìkú ló ń padà sí Ẹ̀pẹ́. “Ó ní o ò ní í jẹ́ kí òun wọ bọ́ọ̀sì, àbí?” ló wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Jọ̀ọ́, má sáré o. Má sì sọ̀rọ̀ jù.” Mo ní kò sí ìṣòro. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì bíi ti tráfíkétọ̀ náà gan-an. Èmi tí mo fẹ́ gbé awakọ̀ àgbà lọ sílé, mọ́tò mi ń ṣẹ́jú bíi wèrè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ríwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, abẹ́ agboòrùn ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ní Àjàh ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, ó sì máa ń bá wáyà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí. Ó kọ́kọ́ ní fíùsì ni. Ó yọ ọ́, fíùsì dáa. Ó ní gílóòbù iwájú ni. Ó pààrọ̀ wọn, kò sí ìyàtọ̀. Ó wá ní wáyà tí wọ́n dè mọ́ irin ara mọ́tò ló ti dípẹtà. Ó ha á, ó fún un pinpin, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́. “Mọ́tò yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni,” ló wí, ó sì lọ kírun ọ̀sán.

Èmi nìkan jókòó ti mọ́tò náà. Nígbà tó padà dé, mo ní kí a dá iná àtijọ́ padà sí ọwọ́ òsì nìkan ká wò ó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹ òsì: kẹ́, ó sinmi, kẹ́, ó sinmi. Mo tẹ ọ̀tún tí LED ṣì wà: wàràwàrà. Ríwáyà fi ọwọ́ lu itan rẹ̀.

“Ó ti yé mi!” ló pariwo. “Ẹ gbọ́, ọ̀gá. Fláṣà ló ń jẹ́ kí tráfíkétọ̀ máa tàn kó máa kú. Ó ti mọ iye iná tí gílóòbù àtijọ́ máa ń jẹ. Iná tuntun yín yìí, kì í jẹun rárá. Fláṣà wá rò pé gílóòbù ti jó lẹ́yìn, ó ń sáré kó lè fi tó yín létí. Kò sóhun tó ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.”

Mo bi í ní ọ̀nà àbáyọ. Ó ní fláṣà mìíràn wà tó ń bá LED ṣe, ṣùgbọ́n kò sí irú ti mọ́tò mi ní Àjàh, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun tó lè bá mi wá a. Ó ní èyí tó rọrùn jù ni kí a dá iná àtijọ́ padà, kí n máa bá ilé mi lọ. Mo wo iná LED náà nílẹ̀ níbi tó gbé wà, ó pupa, ó ń dán, mo sì mi orí. Ríwáyà wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọgbọ́n kan ṣì kù tí àwọn máa ń dá. Ó dá LED padà sẹ́yìn mọ́tò, ó wá fa wáyà láti ibẹ̀ wọ inú búùtù, ó so gílóòbù àtijọ́ kan mọ́ ọn lápá ọ̀tún, ó so ìkejì mọ́ ọn lápá òsì. Àwọn tí kò jẹun á wà níta, wọn á máa ṣoge. Àwọn tó ń jẹun á wà nínú búùtù, fláṣà á sì rò pé ilé kún. Mo tẹ̀ ẹ́: kẹ́, ó sinmi, kẹ́, ó sinmi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ríwáyà náà.

“Ẹ má jẹ́ kí ẹrù kan sún mọ́ wọn o,” ni ríwáyà sọ. “Gílóòbù yẹn máa ń gbóná gan-an.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo dé ẹ́sítéètì pẹ̀lú ẹ̀wù tí mo lọ̀ títí ó fi ń dán. Ohun tí mo ti pinnu ni pé màá fi ẹ̀yìn wọ ọgbà, kí iná náà lè kọjú sí ilẹ̀kùn tí bàbá máa gbà jáde. Ṣùgbọ́n bàbá ti jáde. Ó ti dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú fìlà àti àpò kékeré kan, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Iwájú mọ́tò ló rí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sáré ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, níbi tí àwọn ọ̀gá máa ń jókòó. Ó ní, “Rárá o. Mi ò lè rí ẹsẹ̀ rẹ láti ibẹ̀,” ó sì jókòó síwájú. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà kó búrẹ́dì jáde, àwọn gígùn inú ọ̀rá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé búrẹ́dì dé, pé kí bàbá kó wọn dé fún ìyá àwọn. Ó bi mí bóyá òun lè kó o sí búùtù. Ọkàn mi wà lára bàbá. Mo ní, “Ẹ kó o síbẹ̀, mà.” Àǹtí sì ṣe jẹ́jẹ́, ó to àwọn kan sápá ọ̀tún, ó to àwọn yòókù sápá òsì, kí táyà àfipamọ́ tó wà láàárín búùtù má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe jáde, mo tẹ tráfíkétọ̀. Kẹ́, ó sinmi. Inú mi dùn débi tí mo gbàgbé ẹ̀rù. Lẹ́yìn gbogbo ìyà tó fi jẹ mí, ó ti wá ń dún bó ṣe yẹ, mo sì fẹ́ máa gbọ́ ọ. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ráńdábáòtù. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mò ń yà fún kòtò. A kọjá àwọn ilé ìtajà, ọ̀nà ṣófo, kò sí mọ́tò kankan níwájú tàbí lẹ́yìn, ewúrẹ́ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó yà fún un. Bàbá ń wo ọwọ́ mi, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. A dé Sángòtẹ̀dó, mo ń retí kó ní kí n dúró. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a kọjá ibẹ̀, mo mí kanlẹ̀, ó sì yí ojú wò mí díẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni òjò dé, òjò tó ń rọ̀ bí ẹni da garawa. Gbogbo wa la mọ ohun tí awakọ̀ ń ṣe nílẹ̀ yìí tí òjò bá rọ̀ báyẹn: mo tan tráfíkétọ̀ méjèèjì pọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí mi, mo sì ń rọra lọ. A rìn báyẹn pẹ́ gan-an. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìró tó dùn mọ́ mi nínú jù lọ láyé.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú fa nǹkan. “Kí ló ń jinná?” ló bi mí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ láti Àjàh nìyẹn. Èmi náà ti ń gbọ́ òórùn náà, òórùn búrẹ́dì tí wọ́n yan, ó sì dùn. Mo ní bóyá ilé búrẹ́dì kan wà nítòsí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, igbó ló kún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn ọ̀rá tó ń yọ́ dé, mo sì rántí gílóòbù inú búùtù.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òjò ti ń dá. Àwa méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, mo sì ṣí búùtù. Èéfín díẹ̀ jáde. Gílóòbù kan ń ṣẹ́jú lápá ọ̀tún, èkejì ń ṣẹ́jú lápá òsì, ọ̀rá ti yọ́ mọ́ búrẹ́dì tó wà nítòsí wọn, ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì náà sì ti di bíráùn rẹ́súrẹ́sú. Bàbá dúró. Ó tẹjú mọ́ wọn. Mo ronú kan dókítà, mo ronú kan bọ́ọ̀sì tó lè kọjá nígbàkigbà, mo sì rí ọmọbìnrin tí mo nífẹ̀ẹ́ nínú ọkàn mi tó ń káwọ́ lérí.

“Kí nìyí?” bàbá bi mí.

“Gílóòbù ni, sà.”

“Mo rí i pé gílóòbù ni. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí mọ́tò tí mo rí ní VGC dé orí ríwáyà àti fláṣà tó fẹ́ jẹun. Bàbá yí lọ sẹ́yìn gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wo iná LED náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ta lo ra èyí fún?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Kí ẹ lè rí i pé mọ́tò mi dáa.”

“Èmi tí mo jókòó síwájú?”

Bàbá fi ọwọ́ di búùtù mú, ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé àìsàn ló dé sí i. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ fìlà, tó fi í nu ojú. “O tẹ tráfíkétọ̀ fún ewúrẹ́,” ló wí. “Mo ní nínú ara mi pé ọmọ yìí ṣọ́ra o, ó ń sọ fún ewúrẹ́ ibi tó ń lọ.”

Mo lè dákẹ́ síbẹ̀ kí n gba oyè náà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ débi tí ẹnu mi ò lè dúró mọ́. “Torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni, sà. Inú mi dùn sí i ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.”

Ó tún bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó sinmi tán, ó ní, “Dókítà yẹn mọ mọ́tò wà jù ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọlọ́kadà kan ní Sángòtẹ̀dó, mo bi í pé ṣé ó rí i. Ó ní òun rí i dáadáa. Kò rí i. Mo ń wo ojú rẹ̀.” Ó fa wáyà gílóòbù méjèèjì já, ó sì gbé búrẹ́dì kan lábíyá. “Jẹ́ ká máa lọ. Tí a bá fẹ́ yà, na ọwọ́ síta.”

A jẹ búrẹ́dì yíyan náà dé Ẹ̀pẹ́, a gé ibi tí ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ọn sọ nù. Èmi ń na ọwọ́ ọ̀tún fún un kó gé e fún mi, mò ń na ọwọ́ òsì síta láti fi hàn pé mo fẹ́ yà. Ìyàwó rẹ̀ pàdé wa lójúde, ó gba èyí tó kù, ó yí i wò, ó ní, “Ta ló wá yan búrẹ́dì báyìí?”

Bàbá ń wọlé lọ. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, “Ọkọ ọmọ rẹ ni.”

Ó ti pẹ́ o. Wọ́n ti hú àwọn ráńdábáòtù yẹn, iná tó ń darí mọ́tò, pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè, ló gba ipò wọn. Mọ́tò tí wọ́n bá ṣe lóde òní, iná LED ló ń bá a wá láti ilé iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń jáde wá pàtẹ́wọ́ fún un. Tokúnbọ̀ aláwọ̀ eérú náà ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, tí òjò bá ká wa mọ́ ojú títì, tí mo tan tráfíkétọ̀ méjèèjì, ìyàwó mi á fa imú, á ní, “Búrẹ́dì ti jinná.”

Bàbá ti sùn báyìí, sàréè rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, mo sì ń ṣàárò rẹ̀ ju bí mo ṣe rò pé màá ṣàárò bàbá ìyàwó lọ. A máa ń lọ kí ìyá níbẹ̀. Ọ̀nà kékeré tó yà wọlé wọn ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí mọ́tò lẹ́yìn wa, kò sí níwájú. Mo máa ń tẹ tráfíkétọ̀ bó ṣe wù kó rí, màá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, kí n tó yà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó mi bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ta ni mò ń ṣe é fún. Mo ní ewúrẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, kò sì tún bi mí mọ́.